Òṣùpá Kékeré Lókè Táyà Bàálù

Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń kun bàálù àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà, nínú yàrá mi ní Ire-Akárí. Ètò kan wà tí àwọn èèyàn fi ń ṣe bí ẹni ń wa bàálù láti orí àga nílé wọn. Èmi ni mo máa ń ṣe ara bàálù náà fún wọn: ìlà, lẹ́tà, orí ìṣó, títí dé ibi tí ọ̀dà ti bó. Mi ò wọ bàálù rí.

Èyí tó ká mi lára jù ni bàálù ilé-iṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé tipẹ́, torí pé bàbá mi tó ti dolóògbé ló kùn ún. Bó ṣe sọ fún wa nìyẹn. Nínú fọ́tò kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, ó nàka sí òṣùpá funfun kékeré kan tó ní ìwo méjì lókè táyà náà. Ó ní ẹni tó bá kun bàálù ló máa ń ya àmì tirẹ̀ síbẹ̀. Mo ya òṣùpá náà síbi tó wà gẹ́lẹ́, mo sì kọ orúkọ bàbá mi sínú ìwé àlàyé tí mo máa ń fi kún iṣẹ́ mi.

Ó ku àwọ̀ ewé tó wà ní ìrù. Fọ́tò náà ti ṣá. Obìnrin kan nínú ìjọ wa ní bàbá ọkọ òun bá ilé-iṣẹ́ náà kun bàálù nígbà kan rí, pé ó wà ní Òkè-Afá. Mo ra ègé aṣọ aláwọ̀ ewé mẹ́ta ní ọjà Aswani kó lè fi èyí tó jọ ọ́ jù hàn mí, mo sì gbé kọ̀ǹpútà mi lọ bá a.

Bàbá náà kò tiẹ̀ wo aṣọ.

"Ìwọ lo kun eléyìí?"

"Èmi ni, sà."

"O ò gun àkàbà, ọ̀dà ò ta sí ọ lójú. Iṣẹ́ tiyín dùn o."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó wá fi èékánná kan òṣùpá náà. "Ta ló fi èyí hàn ọ́?"

"Bàbá mi, sà. Àmì wọn ni."

"Àmì tèmi ni."

Ó mú bírò, ó ya òṣùpá náà sí etí ìwé ìròyìn. Ìwo òkè gùn ju ti ìsàlẹ̀ lọ, bó ṣe rí nínú fọ́tò gẹ́lẹ́. Mo fi fọ́tò náà hàn án.

"Áà, ẹni yìí. Òun ló ń fọ bàálù náà."

Ó tọ́ka sí abẹ́ bàálù, níbi tí mo ya èéfín àti ipa ọ́ìlì sí, torí ìdọ̀tí ló ń mú kó jọ òótọ́. "Kò sí èyí níbẹ̀. Bàbá rẹ ò ní gbà. Ó máa ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì. Tí a bá fi ọwọ́ ọlọ́dà kàn án, ìjà ni." Ó mú ègé aṣọ kan. "Àwọ̀ rẹ̀ nìyí."

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà.

"Mọ́mì, iṣẹ́ wo gan-an ni bàbá ṣe ní pápákọ̀ òfurufú?"

Kò gbójú sókè. "Ó ń fọ bàálù. Ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ ló máa ń bó awọ ọwọ́ rẹ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ta ló ń fi òrí pa á lọ́wọ́? Àwọn èèyàn mi l'Ékìtì ò ní fi ọmọ fún ẹni tó ń fọ nǹkan. Ó ní òun ń kùn ún, èmi náà ní ó ń kùn ún. Kí ẹ̀yin tó dé, irọ́ ti dàgbà jù yín lọ."

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa ipa ọ́ìlì náà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí abẹ́ bàálù fi ń dán. Nínú ìwé àlàyé, mo kọ orúkọ bàbá Òkè-Afá sí iwájú "ẹni tó kùn ún." Nísàlẹ̀ rẹ̀ mo kọ "ẹni tó ń fọ̀ ọ́," mo sì kọ orúkọ bàbá mi ní kíkún.

Mo kà á fún ìyá mi.

"Bàbá ẹ máa bínú sí ẹ."

"Mo mọ̀, Mọ́mì," ni mo wí, mo sì fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́.