Hóró Funfun Lẹ́yìn Oúnjẹ

Mo rántí ìgbà tí gbogbo ará ilé wa ní abúlé Alafiarou gbà pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́. Ìgbà ìkórè kajú ni, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Àtọ̀gbẹ ti ń bá mi fínra láti kékeré, ínsúlínì ni mo sì ń gún síkùn láràárọ̀ àti lálaalẹ́. A kò ní fìríìjì, inú ìkòkò amọ̀ tútù ni ìyá àgbà ń tọ́jú oògùn náà sí.

Bí mo ṣe ń bàlágà ni ṣúgà ara mi ń le sí i, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi kún ínsúlínì. Dókítà tó ń tọ́jú mi ní Parakou wá fún mi ní oògùn mìíràn, hóró funfun ńlá tí màá máa gbé mì lẹ́yìn oúnjẹ. Faransé ló fi ṣàlàyé, ó sì ń kánjú torí èrò pọ̀ níta. Tonton, àbúrò bàbá mi tó fi alùpùpù gbé wa lọ, ló túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi.

"Ó ní oògùn tuntun tí yóò máa lò nìyí."

Ohun tí dókítà sọ ni pé kí n máa lò ó pẹ̀lú ínsúlínì. Tonton kò gbọ́ ìyẹn.

Ìyá àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí. Èmi ní tèmi ń yan kiri oko bí ìyàwó tuntun, mo ń ṣàánú àwọn tó ṣì ń gún abẹ́rẹ́ láyé. Lọ́jọ́ kejì, mi ò kúrò nídìí àmù mọ́. Wọ́n ní oòrùn ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bì, wọ́n ní èso kajú tí mo jẹ ni. Lẹ́yìn náà ni mo ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré, bẹ́ẹ̀ orí ẹní ni mo wà. Ìyá àgbà tẹ̀ba sún mọ́ mi.

"Kí ló ń rùn bí èso kíkẹ̀ lẹ́nu ọmọ yìí?"

Bàbá mi lọ wo inú ìkòkò. Ìgò ínsúlínì ṣì kún.

"Ṣé dókítà ló ní kó má gún un mọ́?"

Tonton dìde. Ó jáde lọ ṣáná sí alùpùpù. Wọ́n fi ìró ìyá àgbà dè mí mọ́ Tonton lẹ́yìn, bàbá mi sì dì mí mú láti ẹ̀yìn. Lójú ọ̀nà Tchaourou, mo ń gbọ́ tí bàbá mi ń pe orúkọ mi, ohùn rẹ̀ ń jìn sí mi, mi ò sì lè jẹ́ ẹ.

Nígbà tí mo lajú nílé ìwòsàn, omi ń kán wọ iṣan apá mi. Nọ́ọ̀sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ ní Nàgó, èdè tiwa, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Hóró yẹn ń ran ínsúlínì lọ́wọ́ ni. Kò lè rọ́pò rẹ̀." Tonton ní kó tún un sọ.

Mo ti di ìyá ọmọ báyìí, méjèèjì ni mo ṣì ń lò. Tí mo bá ronú sẹ́yìn, àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mi ò gún abẹ́rẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ara mi fúyẹ́, mo ń kọrin bí mo ṣe ń gbálẹ̀, gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.