Òkú Kì Í Dìde Kí Kọ́tìnì Tó Padé

Nígbà tí mo wà ní kékeré nílùú Ìlobù, mo kú rí. Lójú gbogbo ìjọ, lọ́jọ́ ìkórè, lójúmọmọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin àbúrò mi, ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bí mi nínú bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí.

Eré orí ìtàgé ni àwa ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ ṣe. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń darí wa. Wọ́n ní àwọn ti bá ẹgbẹ́ alárìnjò kiri nígbà ọ̀dọ́ àwọn, láti ìlú dé ìlú, lẹ́yìn lọ́rì, torí náà ẹnì kan ò gbọdọ̀ bá wọn jiyàn. Ọwọ́ ọ̀tún ìtàgé, ọwọ́ ọ̀tún òṣèré ni, kì í ṣe tòǹwòran. Má kẹ̀yìn sáwọn èèyàn. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ṣáájú ẹ bá fi parí ni kíù ẹ. Tóò bá tíì gbọ́ ọ, má lanu. Èmi ò ní kíù kankan o. Òkú ni wọ́n ní kí n ṣe, òfin kan ṣoṣo ni wọ́n sì fún mi: òkú kì í dìde kí kọ́tìnì tó padé.

Mo gbà, torí màámi ń bọ̀ wá wò ó. Ọmọ Ìfọ́n ni màámi, bàbá mi ọmọ Ìlobù. Ẹ ṣáà mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì. Màámi lọ tọ́jú ìyá wọn tó ń ṣàìsàn ní Ìfọ́n, bí wàhálà ṣe tún bẹ́ sílẹ̀ nìyẹn, ọ̀nà ò dáa mọ́, wọn ò lè padà. Èmi ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin torí iléèwé. Ibi téèyàn lè fi ọ̀kadà dé kí iṣu orí iná tó jiná, mi ò rí ìyá mi níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lọ́jọ́ ìkórè yẹn, ọlọ́kadà kan tí wọ́n mọ̀ gbà láti gbé wọn wá, àmọ́ ó ní òun ò ní dúró kí oòrùn wọ̀ bá òun ní Ìlobù. Ohun tí mò ń rò ò ju pé kí eré parí, kí n sáré lọ dì mọ́ wọn, kí ọlọ́kadà tó ní ó yá.

Tíṣà wa ò fẹ́ràn ayédèrú. Wọ́n fi òwú dí mi nímú, wọ́n so àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi méjèèjì pọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún òkú gidi, wọ́n wá da aṣọ funfun bò mí. Àǹtí kan nínú kúáyà ló ń ṣe ìyá mi nínú eré. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ní: "Ọmọ mi, ta lo fi mí sílẹ̀ fún?" Kọ́tìnì á padé, ó parí.

Àǹtí sọ ọ́. Kọ́tìnì ò padé.

Wáyà tí wọ́n ta á sí ti tú, ó ti há aṣọ. Mo gbọ́ tí tíṣà ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ẹ máa sunkún lọ, ẹ má dákẹ́." Àǹtí ò ní ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọbẹ̀.

"Ẹ̀gúsí tí mo sè ńkọ́? Ta ló máa jẹ ẹ́? Ilá tí mo rẹ́ ńkọ́?"

Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Bàbá àgbà kan níwájú ní, "Òkú yìí mà ń mí."

Ìyá kan dá wọn lóhùn: "Ẹ jẹ́ kó mí, bàbá. Àbí ẹ fẹ́ kó kú ni?"

Ooru mú mi lábẹ́ aṣọ. Ẹnu ni mo fi ń mí. Mo rọra ní, "Àǹtí, màámi ńkọ́?"

"Wọ́n ti dìde níbi tí wọ́n jókòó sí."

"Wọ́n ti lọ?"

"Wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kẹ̀yìn sí wa. Dákẹ́, aṣọ ń mì lẹ́nu ẹ. Ilá mi o, ilá mi!"

Kẹ̀yìn ke? Mo rò pé mo ti ṣe nǹkan tí wọn ò fẹ́. Ọ̀kadà fọn fèrè níta. Ó tún fọn ọ́n. Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ò gbà, àtàǹpàkò méjèèjì ti di ìkan. Àǹtí rí i pé mo ń mira, wọ́n ṣubú lé mi láyà, wọ́n ń ké. Abẹ́ wọn ni mo wà tí mo fi gbọ́ tí ọ̀kadà ṣáná, tí ohùn ẹ̀ ń lọ sọ́nà Ìfọ́n, tó ń kéré, tí mi ò gbọ́ ọ mọ́.

Ìgbà yẹn làwọn ọkùnrin kúáyà wá fọwọ́ fa kọ́tìnì padé. Wọ́n ní àwọn ò rí irú òkú tó mọṣẹ́ báyẹn rí. Tíṣà na ọwọ́ láti fà mí dìde, mo gbá ọwọ́ wọn dànù. Kí wọ́n tó tú ẹsẹ̀ mi tán, kí n tó sáré déta, eruku nìkan ló kù lójú ọ̀nà.

Ó pẹ́ kí n tó bi màámi ìdí tí wọ́n fi kẹ̀yìn sí mi. Wọ́n ní, "Ìyá kì í wo òkú ọmọ ẹ̀. Eré ni o, mo mọ̀, àmọ́ ojú mi ò gbà á. Mò ń dúró kó o dìde, kí n tó yíjú." Ẹ wá wò ó. Èmi ò gbọdọ̀ dìde kí kọ́tìnì tó padé, wọn ò gbọdọ̀ wò mí kí n tó dìde. Ta ló fẹ́ tú wa sílẹ̀?

Ayé ti yí báyìí. Fóònù lẹ̀yin fi ń ya eré, kò sí wáyà, kò sí kọ́tìnì. Ẹni tó ń darí á ní ó tó, òkú á dìde, á mu omi inú ọ̀rá. Èmi náà ń ṣe é. Ìfọ́n ni màámi ṣì wà, wọn ò nílò ọlọ́kadà mọ́ kí wọ́n tó wo eré mi, dátà ni. Láìpẹ́ yìí mo kú nínú ọ̀kan. Mi ò tíì gbé e síta pẹ́ tí fóònù mi fi dún.

"Sọ̀rọ̀ kí n gbọ́."

"Màámi, mo wà níbí."

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ.