Oúnjẹ Mọ́tò Àkíbù

Nígbà tí mọ́tò ní Ìbàdàn ò tíì ju ohun tí ọmọdé lè fi ìka kà lọ, Àkíbù, oníṣòwò obì ní Bẹyẹrúnkà, ta ẹṣin rẹ̀, ó sì ra ògbólógbòó mọ́tò lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé.

"Ẹṣin ń jẹ koríko, ó ń jẹ ọkà bàbà, kódà lọ́jọ́ tí kò gbẹ́sẹ̀," ló ń sọ kiri. "Mọ́tò ńkọ́? Bí kò bá rìn, kì í jẹ."

Sẹ̀gilọlá ìyàwó rẹ̀ wò ó tìtì. "Bàbá Sìdí, ṣé ẹ̀yin náà á lè máa rìn láìdúró?"

"Ìṣirò lèmi ń ṣe, ìwọ ń sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi í kẹ́rù, obì náà gbọ́dọ̀ bá rélùwéè Kánò. Oníbàárà rẹ̀ ní Kánò ti ránṣẹ́ pé bí òun ò bá rí i lọ́tẹ̀ yìí, òun á wá ẹlòmíràn. Epo àlọ-àbọ̀ gẹ́lẹ́ ni Àkíbù rà. Sẹ̀gilọlá ní òun ò wọ ohun tó ń kùn. Ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn, ẹni tó wà lórí ẹṣin gan-an a máa sọ̀kalẹ̀ kí àgbà. Ní Ọjà'ba, Àkíbù rí bàbá Adégòkè níwájú agboolé. Ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Irin tó fi ń yí mọ́tò kó tó jí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ ẹ́ léjìká láàárọ̀, nítorí náà kò pa mọ́tò. Bàbá béèrè ìyàwó, ọmọ, àna, títí dórí òrùlé tó ń jò. Mọ́tò ń kùn gbìrì-gbìrì.

"Àkíbù, ṣé kì í rẹ nǹkan yìí ni?"

"Rárá o, bàbá. Ó ń sinmi ni."

Kó tó kọjá Bẹẹrẹ, ó ti kí àgbà bíi mélòó kan bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣàdúrà, ó ṣàmín. Mo gbà pé Ọlọ́run gbọ́. Epo ni kò gbọ́. Lẹ́sẹ̀ Òkè Padre, mọ́tò sín lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

Ibẹ̀ ni Sẹ̀gilọlá bá a. Ó pe àwọn alábàárù, wọ́n gbé agbọ̀n obì lérí.

"Ìyá Sìdí, ẹ dúró, kí n bá yín lọ!"

"Ta ló máa ṣọ́ mọ́tò? Ẹ jókòó tì í, olówó orí mi."

Wọ́n ń kó agbọ̀n ìkẹyìn wọlé ni rélùwéè fọn fèrè. Obì lọ.

Láti ìgbà náà, bí Àkíbù bá fẹ́ gbé mọ́tò jáde, á kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn láàárọ̀ kí gbogbo àgbà ojú ọ̀nà tán, á wá padà sílé wá gbé e. Ó ní owó epo dín kù jọjọ. Sẹ̀gilọlá ló mọ iye tí bàtà ń jẹ.