Ìwé Àwọn Tó Rí Ilé Wa

Nígbà tí Màmá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, wọ́n fi yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Osi ṣe ilé ìgbẹ̀bí. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò lábùkù. Wọ́n ti ń gbẹ̀bí láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, ibi iṣẹ́ wọn sì mọ́ débi pé èmi olùkọ́ tí ẹnu mi kì í sinmi kì í rí nǹkan kan sọ. Ilé wa gan-an ló níṣòro. Ó fara pamọ́ sẹ́yìn ilé mẹ́rin, ẹni tó wà lójú títì kò lè rí i. Màmá kọ orúkọ ibẹ̀ sára pátákó lédè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ọ̀dà búlúù, wọ́n kàn án mọ́ ògiri iwájú. Ewúrẹ́ àdúgbò nìkan ló ń kà á.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan láti Obbo-Aiyegunle bímọ sábẹ́ igi kaṣú, níbi tí kò jìnnà rárá sí ẹnu ọ̀nà wa. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń wá wa kiri àdúgbò fún bíi wákàtí kan. Ìyá yè, ọmọ yè, àmọ́ Màmá mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń dà lára aboyún, wákàtí kan ti pọ̀ jù. Ẹni tí kò bá rí wa lásìkò á kú, bó ti wù ká mọṣẹ́ tó.

"Ìwọ tóo jókòó sí ulé yìí," ni wọ́n wí fún mi, "wá nǹkan ṣe sí i."

Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ló fi mí sílé. Mo ní ìwé àjákọ kan tí mi ò tíì lò, mo sì ní rúlà. Mo fa ilà sí i bíi rẹ́jísítà: ìlú tí wọ́n ti wá, ẹni tí wọ́n bi lọ́nà, ohun tí wọ́n ní àwọn ń wá, ibi tí wọ́n ti ṣìnà. Bí aboyún bá ti sọ̀ kalẹ̀, tí ọkàn gbogbo wa ti balẹ̀, màá lọ jókòó ti ọkọ tàbí ìyá ọkọ, màá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè mi. Àwọn mìíràn rò pé ìjọba ló rán mi. Ìyá àgbà kan láti Ararọ̀mí-Ọ̀pin ní, "Ọmọ yìí, a sáà ti dé ulé yín. Kí ló tún kù tóo fẹ́ gbọ́?" Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, mo sì tún béèrè.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, èmi àti Màmá á ṣí ìwé náà sórí tábìlì. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, ohun tó wà níbẹ̀ yà wá lẹ́nu. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó béèrè ilé ìgbẹ̀bí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń béèrè, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, tó wà lẹ́yìnkùlé wa, tí ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa.

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ta ni nínú wa tí yóò dúró ní gárèéjì, tí yóò máa sọ fún ọlọ́kadà tí kò mọ̀ rí pé ìyàwó òun ń rọbí? Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Kristẹni ni wá, a kì í pa ìsìn jẹ, síbẹ̀ a ṣì ń bẹ̀rù ayé. Ará ilé á fi ìborùn bo aboyún, wọ́n á gbé abọ́ ẹ̀gẹ́ dání, bí ẹni tó fẹ́ lọ lọ nǹkan. Ohun tí kò sí ẹni tó lè fi ẹnu rẹ̀ sọ lójú ọ̀nà ni a kọ gàdàgbà sára pátákó.

Màmá lọ bẹ bàbá ẹlẹ́rọ. Wọ́n jẹ́ ká kan pátákó kékeré mọ́ igun ilé ẹ̀rọ, a ò sì kọ nǹkan kan sí i, ọfà nìkan la yà, tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà wa. Màmá lọ bá àwọn ọlọ́kadà náà ní gárèéjì, wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ẹ̀rọ, tí obìnrin tó di ìbàdí mú wà pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n má bi í ní nǹkan kan, kí wọ́n ṣáà gbé e wá. Ó ṣiṣẹ́. Aboyún ń wá láti ìlú tí a ò fọkàn sí. Bí ẹni tó bímọ lọ́dọ̀ wa bá ń lọ sílé, èmi fúnra mi ni mo máa ń sọ fún un pé kó sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀: bí wọ́n bá dé Osi, kí wọ́n béèrè ẹ̀rọ. Mo ń gbéra ga. Bí Màmá bá gbé ọmọ tuntun jáde, mo máa ń wo ìwé mi bí ẹni pé èmi ni mo gbẹ̀bí.

Ìyanṣẹ́lódì parí. Mo padà síwájú pátákó ìkọ̀wé mi, ìwé náà sì wọ abẹ́ àpótí lọ. Màmá bi mí léèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Màmá, wọ́n ti mọ ọ̀nà. Kí la tún fẹ́ kọ?" Ohùn tí mo fi ń bá àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ̀rọ̀ ni mo fi dá wọn lóhùn, wọn ò sì bi mí mọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìjì ṣí òrùlé ilé ẹ̀rọ. Bàbá ẹlẹ́rọ kò tún un ṣe. Wọ́n kó ẹ̀rọ wọn lọ sí ìpẹ̀kun ìlú, lójú ọ̀nà oko, níbi tí ẹ̀gẹ́ ti ń wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí nígbà tí wọ́n ń gbé e kọjá, mo sì kí wọn kú iṣẹ́. Màmá ní a ó wá lè sùn lọ́sàn-án báyìí. A rẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì tí à ń jókòó ti ìwé yẹn lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, kò sí ẹni tó rántí nǹkan kan.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Nígbà tí mo ti ilé ìwé dé, mo bá ọkùnrin kan láti Oke-Opin lẹ́nu ọ̀nà wa, ẹ̀wù rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú yàrá lọ́dọ̀ Màmá. Mo gbọ́ igbe ọmọ. Mo dúró kí n gbọ́ ohùn ìyá, mi ò gbọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ti dà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa ti pọ̀ ju ohun tí apá Màmá lè ká. Màmá jáde wá níkẹyìn, wọ́n sọ fún ọkùnrin náà pé ìyàwó rẹ̀ ti lọ.

Ọkùnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́, abọ́ ẹ̀gẹ́ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Màmá fọ ọwọ́ wọn, wọ́n ní kí n lọ mú ìwé mi wá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mú un wá."

Mo fà á yọ lábẹ́ àpótí. Màmá jókòó ti ọkùnrin náà.

"Ẹ má bínú sí wa," ni wọ́n wí. "Yèsí ẹ bi lọ́nà?"

"Ọlọ́kadà."

"Kí lẹ wí fún un?"

"Mo ní ẹ̀rọ là ń lọ. Ìborùn bo ìyàwó mi, ọlọ́kadà náà ò mọ̀ pé ó ń rọbí, ó sì gbé wa débẹ̀. Mo wá ọfà títí, mi ò rí i. A jókòó láàárín àwọn tó ń lọ ẹ̀gẹ́, mo rò pé ẹ ó jáde wá bá wa. Ìyàwó mi ní kí n má sọ fún wọn. Ìgbà tí ìyá kan rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n tó ní ulé yín kọ́ nìyẹn."

"Yèsí ló ní kẹ́ẹ béèrè ẹ̀rọ?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni. Ọ̀dọ̀ yín lòun bímọ sí."

Mo ṣí ìwé náà padà sẹ́yìn. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́: Oke-Opin, ẹ̀rọ, àti ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi: mo ti ní kó sọ fún àwọn àbúrò rẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Tọkọtaya yìí béèrè. Inú bí mi sí bàbá ẹlẹ́rọ, inú bí mi sí ọlọ́kadà, orí mi sì ni gbogbo ìbínú náà padà sí. Àwọn tó rí wa nìkan ló wà nínú ìwé náà. Iye àwọn tó ti wá wa tì láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti kúrò, mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì ní mọ̀ ọ́n láé.

Mo fa ilà tuntun. Mo kọ Oke-Opin. Mo kọ ọlọ́kadà. Mo kọ ẹ̀rọ. Màmá wá dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń wo ọwọ́ mi. Níbi tí ó yẹ kí n kọ ibi tí wọ́n ti ṣìnà, mo kọ ọ́ pé: ilé wa.