Ẹ̀ẹ̀kan Ni Wọ́n Ń Fa Ìlà Lórí Gíláàsì

Bí ẹ kò bá tíì dúró ti agégíláàsì rí níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, nǹkan ńlá ń kọjá lójú yín o! Á tẹ́ gíláàsì sórí tábìlì tí wọ́n fi aṣọ nípọn bò. Á gbé rúlà lé e. Á mú irin kan tí kò gùn ju bírò lọ, tí kẹ̀kẹ́ kékeré bíi hóró ata wà lẹ́nu rẹ̀, á tì í bọ epo díẹ̀, á sì fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣììììì! Bí ìgbà tí ẹnìkan ń fa aṣọ ya nínú yàrá kejì. Kò tíì gé o. Ìlà tín-ínrín lásán ni. Á wá di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì mú, á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, pàì! Gíláàsì á là sí méjì bí ẹni pé wọ́n ti jọ ṣàdéhùn tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀ tí kò mọ àforíjì. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń fa ìlà yẹn. Bí ọkàn rẹ bá ń sọ fún ọ pé kò wọlé dáadáa, tí o bá padà sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, o ti bà á jẹ́. Gíláàsì á gba ọ̀nà tó bá wù ú. Èmi àti ẹ̀yin kò lè ṣe irú àṣìṣe yẹn, torí a ò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fa ti àkọ́kọ́.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọdún mọ́kàndínlógún ló fi gé gíláàsì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ìsọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì wà, tábìlì méjì tó kojú síra wọn. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní Ẹ̀ẹ̀kanlótó. Ó lè máa jẹun lọ́wọ́ kan, kó máa jiyàn bọ́ọ̀lù, kó sì máa fi ọwọ́ kejì fa ìlà. Kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú rúlà tó já bọ́ sílẹ̀. Kò dìde mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé ó ti pẹ́ lára rẹ̀. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta ni.

Àbúrò jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀. Òun ti ṣírò rẹ̀ kí wọ́n tó sin òkú tán.

Ó lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀rọ, ó tún un wò, ó ní, "Dádì, igba ó dín mẹ́wàá ni ti òkè. Ẹ̀jẹ̀ yín fẹ́ gun àjà ni?" Ó fún un ní oògùn, ó sì sọ fún un pé kó dín ìrònú kù. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé kó má ronú, kí ló kù tó fẹ́ máa rò? Ìrònú náà gan-an ni! Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó kúrò nídìí tábìlì tirẹ̀, ó kó lọ sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Ó ń ti ilẹ̀kùn ilé lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọmọbìnrin rẹ̀ á máa ròyìn ilé ìwé fún un, òun á fi ìka tẹ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, á máa ka bí iṣan ṣe ń lù.

"Mélòó ló pé?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, kì í sì í fi àwàdà ṣòfò.

"Mo ti ṣì í kà. Ìwọ lo sọ̀rọ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, olówó orí mi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ení. Àwa náà á dákẹ́ mímí."

Kò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà padà sídìí àwo tó ń fọ̀, ó sì ń fọ àwo kan ṣoṣo fún ìgbà pípẹ́.

Níbi iṣẹ́ ló ti wá burú. Ọkùnrin tí kì í wo ìlà lẹ́ẹ̀mejì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sórí rẹ̀! Ọwọ́ rẹ̀ á ti ṣe é dáadáa, ọkàn rẹ̀ á ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Á tún un fà. Gíláàsì á fọ́. Bó bá fọ́, àyà rẹ̀ á já. Bí àyà rẹ̀ bá já, ọwọ́ á gbọ̀n. Òmíràn á tún fọ́. Láàárín oṣù méjì, wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Tún-un-wò ni wọ́n ń pè é.

Opó ni ọ̀gá wọn. Ìsọ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi ẹ̀yìn gbé dúró, kì í sì í ṣe ènìyàn búburú. Ó pè é síta, ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ogójì gíláàsì ni wọ́n fẹ́ fún ilé ìgbẹ̀bí tuntun tí wọ́n ń kọ́ yẹn. Ìwọ ni mo fún. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi o. Bí mẹ́ta bá fọ́ nínú rẹ̀, màá gbé tábìlì yẹn fún ẹlòmíràn. Inú mi ò ní dùn sí i. Ṣùgbọ́n màá ṣe é."

"Tábìlì ẹ̀gbọ́n mi ni, ọ̀gá."

"Mo mọ̀. Ìṣojú mi ló ti ṣubú síbẹ̀."

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, kó tó gé márùn-ún, méjì ti fọ́.

Ní igun ìsọ̀ náà, bàbá arúgbó kan wà tó máa ń fi òkúta àti omi lọ etí gíláàsì títí á fi jọ̀lọ̀, kó má baà gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bàbá Olómi ni gbogbo wọn ń pè é. Ìka méjì kò sí lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Bí oníbàárà bá tẹjú mọ́ ọwọ́ náà, á ní, "Wọ́n ti ṣíwájú lọ gba àyè sílẹ̀ fún mi lọ́run. Wọ́n ní èrò pọ̀ níbẹ̀."

Ó pe ọkùnrin wa. "Tún-un-wò, máa bọ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi."

"Èyí tó wà nílẹ̀ ní wẹ́wẹ́ yẹn? Jókòó."

Ó jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé gíláàsì ń ro tìẹ?"

"Bàbá, ọ̀gá ní bí mẹ́ta bá—"

"Mo gbọ́. Etí mi pé, ìka ni kò pé. O ń wo gíláàsì bí ẹni pé adájọ́ ni. Yanrìn ni wọ́n yọ́ tó fi di gíláàsì, àbúrò. Yanrìn! Àgbàlagbà bíi tìẹ wá ń gbọ̀n fún yanrìn."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ìyá ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà." Ó gbọn wẹ́wẹ́ gíláàsì kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. "Wọn ò fẹ́ràn mi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀! Gíláàsì yòówù tí o bá tẹ́ sílẹ̀, ìyá ìyàwó rẹ ló wá kí ọ. Kí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín, béèrè àlàáfíà wọn, kí o sì tètè ṣe ohun tí o fẹ́ ṣe kí wọ́n tó lanu. Ta ló ń ṣàlàyé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún ìyá ìyàwó tí kò fẹ́ràn ẹni?"

Ó tì í lójú. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó tẹ̀ síwájú gíláàsì, tó ń sọ lábẹ́ ẹnu pé, "Ẹ káàbọ̀ mà. Ilé ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Ẹ forí jì mí, ẹ̀gbẹ́ yín báyìí ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn." Ṣììììì. Pàì! Ó là gbọnrangandan! Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an sí i láti òkèèrè. Ó tẹ́ òmíràn sílẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ ti sanra o."

Nígbà tí ọjọ́ kẹta fi máa parí, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti wà nílẹ̀ láìsí àbùkù, kò sì sí èyí tó tún fọ́ mọ́ lẹ́yìn méjì àkọ́kọ́. Mo fẹ́ràn ọjọ́ mẹ́ta yẹn débi pé ó wù mí kí ìtàn yìí parí síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ kẹrin, ó béèrè lọ́wọ́ bàbá náà pé, "Bàbá, ẹ̀yin kì í bínú? Ẹ kì í bẹ̀rù? Gbogbo nǹkan ni ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́."

Bàbá Olómi gbé oúnjẹ mì kó tó fèsì. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ọjọ́ tí ìka wọ̀nyí lọ, wọ́n ti wá pè mí pé ìyàwó mi ń kú lọ nílé ìwòsàn. Gíláàsì kan ló kù lórí ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ etí wọn. Mo ní kí n sáré parí ẹ̀. Mo kánjú, ẹ̀rọ gba ìka méjì. Wọ́n di ọwọ́ mi ní yàrá kan, ó kú ní yàrá tó kọjú sí i. Mi ò bá a." Ó fi ọwọ́ tó pé nu ẹnu. "Láti ìgbà náà, mi ò rí nǹkan kan tó tó sáré fún mọ́. Yẹ̀yẹ́ kọ́ ni mò ń ṣe, àbúrò. Mo kàn ń rọra lọ ni."

Kò sí ẹni tó parí oúnjẹ rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Ó padà sídìí tábìlì. Ó gé márùn-ún sí i. Déédéé ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, ó di mẹ́rìndínlógójì, ó ku mẹ́rin péré. Ìgbà náà ni ọ̀gá wọlé, òun àti agbẹ̀bí tó ni ilé ìgbẹ̀bí náà, obìnrin rọ̀bọ̀tọ̀ kan tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Wọ́n wá dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Òun ni mo ń sọ fún yín," ni ọ̀gá wí. "Ẹ wò ó bí ó ṣe ń ṣe é."

Ó ṣe tán láti kí ìyá ìyàwó káàbọ̀. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ máa bi gíláàsì nípa ẹsẹ̀ tó ń dùn ún lójú ọ̀gá? Ẹnu rẹ̀ pa dé. Ó fa ìlà náà ní ìdákẹ́jẹ́. Ó dára! Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé ìlà náà dára. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣubú sí gan-an ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, ọ̀gá ń mí sí i lọ́rùn, ọkàn rẹ̀ sì ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Bàbá Olómi rí irin náà tó ń padà sókè. Ó gbé ọwọ́ sókè láti ibi tó jókòó sí. Kò bá a.

Gíláàsì kò tilẹ̀ là sí méjì. Ó ya gba ẹ̀gbẹ́, ó yí po, ó bọ́ sílẹ̀, ó fọ́ wẹ́wẹ́ dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ìsọ̀ pa lọ́lọ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, agbẹ̀bí, tí ẹnu rẹ̀ ti mọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, lanu, ó ní:

"Ẹ kú ewu ọmọ o!"

Ẹ̀rín gbé ọkùnrin wa. Kì í ṣe ẹ̀rín kékeré. Ó di etí tábìlì mú, ó tẹ̀ síwájú, omijé ń já bọ́ sórí aṣọ nípọn yẹn. Oṣù mẹ́fà ni kò ti rẹ́rìn-ín, gbogbo rẹ̀ ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Agbẹ̀bí fi ọwọ́ bo ẹnu, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀kẹta nìyí," ló wí. "Lójú oníbàárà mi. O sì ń rẹ́rìn-ín sí mi."

"Ọ̀gá, ẹ má bínú, kì í ṣe ẹ̀yin..." Kò lè parí ọ̀rọ̀. Bó ṣe ń gbìyànjú láti dákẹ́ ló ń pọ̀ sí i.

"Gbé irin yẹn wá."

Ó gbé e fún un. Ọ̀gá ní kó máa lọ jókòó ti Bàbá Olómi láti ọ̀la, kó máa bá a lọ etí gíláàsì. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Monday, ẹlòmíràn ti dúró nídìí tábìlì náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan láti ìsọ̀ òdìkejì, ó sì ti gbé rúlà ẹ̀gbọ́n ọkùnrin wa kúrò níbi tó máa ń wà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó dùn mọ́ ọn. Omi ibẹ̀ tutù, òkúta ń họ ara ìka, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò fi lè gbójú sókè wo tábìlì náà. Bàbá Olómi kò dá àpárá kankan fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Ó kàn ń sún omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ láràárọ̀.

Ó padà lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Nọ́ọ̀sì di aṣọ mọ́ ọn lápá, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó wo ẹ̀rọ.

"Ó ti wálẹ̀ díẹ̀. Àádọ́sàn-án. Kò tíì dára o, ẹ má fi oògùn yín ṣeré rárá. Ṣùgbọ́n ó wálẹ̀. Kí lẹ ṣe?"

"Wọ́n lé mi kúrò nídìí tábìlì ẹ̀gbọ́n mi."

Bírò dúró lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó wo ojú rẹ̀, kò mọ̀ bóyá kí òun kẹ́dùn ni tàbí kí òun rẹ́rìn-ín.

"Ẹ rẹ́rìn-ín, ọmọ mi," ló wí, ó ń ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ọ̀gá yín wà ńbẹ̀."