Bùbá Aláwọ̀ Ewé Tí Raheemat Wọ̀ Lọ sí Mẹ́kà

Ẹ má rò pé orogún nìkan là ń jowú. Raheemat nìkan ni ìyàwó Dókítà Abdulateef ní Jẹ́dà, síbẹ̀ owú ń jó o bí iná inú ìràwé. Vimala, ará Íńdíà tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ni Raheemat ń jowú.

Obìnrin yìí kì í ṣe Mùsùlùmí. Bí ọdún òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Ìyá bá dé, á fa kọ́tìnì pa, á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó tọ́jú àwòrán Ìyá sí, á sì máa pààrọ̀ àwọ̀ aṣọ lójoojúmọ́ títí ọdún á fi parí. Nínú ilé ni o. Bó bá ti fẹ́ jáde, abáyà dúdú á bo gbogbo rẹ̀.

"Dídì," ó sọ fún Raheemat lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń mu tíì. Bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lédè wọn nìyẹn. "Yẹ́lò ni ti ayọ̀. Pupa, ọjọ́ tí Ìyá jagun. Funfun, ìfọ̀kànbalẹ̀. Àwọ̀ ewé tí mo wọ̀ yìí, ti ilẹ̀ tó ń hu nǹkan ni."

Bó ti ń sọ ọ́, ó fọwọ́ lé ikùn. Raheemat wò ó. Ikùn náà ti yọ.

Tíì korò lẹ́nu rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá nílé ọkọ, kò sí irú ẹkún ọmọ tí kò tíì sun níwájú Káábà.

"Dídì, oyún náà ò fẹ́ dúró. Wọn ò sì ní jẹ́ kí èmi wọ Mẹ́kà. Bí ẹ bá débẹ̀ lọ́la, ẹ bá mi dárúkọ mi nínú àdúrà."

"Inṣa Allah." Ètè lásán ló fi sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, bùbá aláwọ̀ ewé tuntun ló wọ̀ sábẹ́ abáyà. Bó bá jẹ́ àwọ̀ yẹn ló ń fa ọmọ wá, kó fa tòun náà wá. Ọkọ rẹ̀ tajú kán rí etí ọwọ́ bùbá náà.

"Àlàájà, ṣé Súpà Íígù fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Mẹ́kà ni?"

"Ẹ wa mọ́tò yín o jàre, Dókítà."

Nígbà tí wọ́n kọjá oríta tí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí ti gbọ́dọ̀ yà, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Ibí yìí, Vimala ò lè bá a débẹ̀.

Wọ́n gbé mọ́tò sí àdúgbò Misfalah, wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n wọ mọ́ṣáláṣí Háráàmù. Oòrùn mú, òógùn bò ó. Nígbà tó gbọ́wọ́ sókè láti tọrọ, aró bùbá ti ṣàn dé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ta ni òun wá bẹ̀ gan-an? Ẹni tó ni ilé yìí, àbí ẹni inú kọ́bọ́ọ̀dù? Bó bá jẹ́ Ọlọ́run yìí náà ló fún Vimala lóyún, kí ni aró ń ṣe lọ́wọ́ òun? Bí kì í bá sì ṣe Òun... Kò jẹ́ kí èrò náà parí. Ó tọrọ àforíjì.

"Ọlọ́run, Raheemat rèé. Fún mi lọ́mọ."

Ó fẹ́ máa lọ. Ó tún gbọ́wọ́ sókè.

"Vimala náà ńkọ́... jẹ́ kí oyún rẹ̀ dúró." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń gbé eegun ẹja mì. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo ti ń wá tipẹ́ o. Ò ń rí mi o."

Vimala ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n padà dé. "Dídì, ṣé ẹ dárúkọ mi?"

"Mo dá a. Tèmi ni mo kọ́kọ́ dá."

Vimala bú sẹ́rìn-ín. "Ó kúkú yẹ bẹ́ẹ̀!"

Raheemat tún wo ikùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá wọlé lọ fọwọ́. Aró náà ò tètè lọ.