Wáyà Ọjọ́rú

Tíṣà Gáná ni àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Yaba ń pè é. Gertrude ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ Fántì láti Sẹ̀kọ́ńdì, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Surulere. Ọdún 1973 ló dé Èkó. Sọ́ńdè kejì tó lò níbí ló ti wá ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì kàn, torí inú Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí i sí. Ó jókòó tì mí ní bẹ́ǹṣì kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Kò gbọ́ Yorùbá rárá nígbà náà. Tí a bá dìde kọrin, á ṣí ìwé orin Fántì rẹ̀. Ohùn orin kan náà ni, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló yàtọ̀. A ó máa kọ tiwa, òun náà á máa kọ tirẹ̀, a ó sì jọ parí rẹ̀. Àwọn ọmọdé a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn àgbà kan náà ò fẹ́ràn rẹ̀, torí wọ́n wà lára àwọn tí ìjọba Gáná lé wálé lọ́dún 1969, tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Àfi bí ẹni pé Gertrude ló fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi lé wọn. Èmi ò ní sùúrù fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń sọ ọ́ sí wọn lójú.

Èmi Ọmọ́níkẹ́ ni akọ̀wé ìjọ. Láàárín ọ̀sẹ̀, mo ń tẹ táípù ní ọ́fíìsì ìjọba kan nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì náà. Lẹ́tà máa ń sọnù nílé tí Gertrude háyà yàrá sí, torí náà àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀ṣì ló fi ránṣẹ́ sílé, ọwọ́ mi sì ni gbogbo lẹ́tà ìyá rẹ̀ ń gbà kọjá. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó sọ fún mi pé òun nìkan ni ọmọbìnrin tí ìyá òun bí, àti pé kí òun tó wọkọ̀ wá sí Èkó, ìyá mú òun búra. "Tí mo bá kú, ìwọ ni kó o wẹ̀ mí. Má jẹ́ kí mọ̀lẹ́bí bàbá rẹ fọwọ́ kàn mí." Ìjà ìyá náà àtàwọn àna rẹ̀ ti pẹ́. Ẹ̀rín ni Gertrude fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé ìbúra náà jinlẹ̀ lọ́kàn rẹ̀.

Lóṣù kẹwàá ọdún 1974, lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, mo ṣíwọ́ iṣẹ́, mo yà sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì bá wáyà kan tí wọ́n mú wá láti pósítọ́fíìsì. Orúkọ ìjọ ló wà lókè, ti Gertrude wà nísàlẹ̀. Mo ṣí i, bí mo ṣe máa ń ṣí gbogbo ohun tó bá ní orúkọ ìjọ lára. "Ìyá ti kú. Ìsìnkú Sátidé. Wá kíákíá."

Mo mú un lọ bá Bàbá Túbọ̀sún, lídà kíláàsì wa nínú ìjọ, nílé wọn. Mo kúnlẹ̀, mo kà á fún wọn. Wọ́n ṣí fìlà.

"Ọmọ́níkẹ́, a kì í já irú èyí lu ọmọ ọlọ́mọ lójijì. Obìnrin tó ń dá gbé, tí kò ní ẹ̀gbọ́n, tí kò ní àbúrò nítòsí. Tó bá ṣubú lulẹ̀ ńkọ́? Ta ló máa dì í mú? Ẹ jẹ́ ká fi di Sọ́ńdè. Lẹ́yìn ìsìn gbogbo wa á pé, àlùfáà á wà níbẹ̀, a ó wá rọra túfọ̀ fún un."

"Bàbá, wọ́n ní Sátidé ni ìsìnkú."

"Wọ́n á dúró dè é. Wọn ò lè sin ín kí ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo tó dé."

Bàbá kì í ṣe ìkà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé wa, àgbà la máa ń kó jọ ká tó túfọ̀ fún ọmọ olóòkú. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ nípa ìbúra yẹn, mi ò sì lanu sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá," mo sì ki wáyà náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọ.

Lọ́jọ́bọ̀, Gertrude wá fi orin Gẹ̀ẹ́sì dánra wò pẹ̀lú àwọn kọ́yà, bó ṣe máa ń ṣe nígbà míì. Ó bi mí, "Ṣé kò sí lẹ́tà fún mi?" Mo ní, "Kò sí." Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Títí dòní, ojú ẹ̀rín yẹn ń tì mí.

Ó kọrin dáadáa ní Sọ́ńdè yẹn. Lẹ́yìn oore-ọ̀fẹ́, wọ́n ní kó dúró. A jókòó yí i ká nínú yàrá ẹ̀yìn, èèyàn mẹ́jọ. Àlùfáà ka Sáàmù, Bàbá Túbọ̀sún wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ yíká, èmi sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, pé àlejò ni gbogbo wa láyé, pé Ọlọ́run ló ni wá. Gertrude wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló kú?"

Mo na wáyà sí i. Ó kà á, ó wá gbé e sún mọ́ ojú, ó ń wá òǹtẹ̀ pósítọ́fíìsì.

"Ọjọ́rú," ó ní. "Òní ti di Sọ́ńdè. Wọ́n ti sin ín lánàá." Ó yíjú sí mi. "Mo bi ọ́ lọ́jọ́bọ̀."

Mi ò lè túmọ̀ ìyẹn fún àwọn àgbà. Àwọn ìyá ìjọ ti ń sunkún láti bá a kẹ́dùn, Bàbá Túbọ̀sún sì ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, a ò fẹ́ kó o dá gbọ́ ọ ni." Gertrude nìkan ni kò sunkún. Ó ní nílùú àwọn, ọjọ́ tí wáyà bá dé ni wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ẹni. Ó ní ká ní òun gbọ́ lọ́jọ́rú ni, òun ì bá wọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun ì bá gba Kútọnu, òun ì bá gba Lómè, ilẹ̀ Fráìdè ò ní ṣú kí òun tó dé Sẹ̀kọ́ńdì. Ó ṣe ìṣirò rẹ̀ fún wa pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe ń ṣe é fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó fi wáyà náà sáàárín ìwé orin rẹ̀, ó sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́tà kan dé láti Sẹ̀kọ́ńdì. Mo gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mi ò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kà á lórí ìdúró.

"Mọ̀lẹ́bí bàbá mi ló wẹ̀ ẹ́," ó ní, ó sì padà sínú kíláàsì.

Kò fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó wọ aṣọ dúdú fún odidi ọdún kan, bẹ́ǹṣì kẹta náà ló sì ń jókòó sí, ṣùgbọ́n kò ṣí ìwé orin rẹ̀ mọ́. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ti dárí jì mí, mo sì mọ̀ pé ó ń gbìyànjú. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gbọ́ Yorùbá, lẹ́nu àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ àti ní ọjà Tejúoṣó.

Ní 1977, màmá mi kú ní Ìjẹ̀bú-Òde. Olúdayọ̀ àbúrò mi sáré wọ Èkó láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ọ̀dọ̀ Bàbá Túbọ̀sún ní ṣọ́ọ̀ṣì ló lọ, bó ṣe yẹ. Ó ní wọ́n ń dúró de ẹ̀gbọ́n màmá wa láti Ẹ̀pẹ́, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa wẹ òkú. Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣíwọ́ ná, kí n jẹun, kí àwọn ìyá ìjọ wá bá mi nílé lálẹ́. Ọlidé ni ilé ẹ̀kọ́ wà, Gertrude sì ń tún pẹpẹ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bóyá wọ́n ṣì rò pé kò gbọ́ èdè.

Ó fẹsẹ̀ rìn wá sí ọ́fíìsì mi nínú oòrùn. Ó dúró níwájú tábìlì, òógùn bò ó, ó sì fi Yorùbá sọ̀rọ̀.

"Ọmọ́níkẹ́, màmá ẹ ti kú. Láàárọ̀ yìí ni. Wọn ò tíì wẹ̀ wọ́n. Dìde."

Kò sí Yorùbá tó máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwa á ní wọ́n ti sinmi, àbí ká ní wọ́n ti lọ bá àwọn àgbà. Bí ẹni gbá mi létí ló rí. Mo figbe ta, ẹsẹ̀ mi yẹ̀, Gertrude sì dì mí mú. Òun nìkan ló dì mí mú, ó sì tó. Ó fà mí lọ sí Ìdó, ó wá ọkọ̀ Ìjẹ̀bú, ó jókòó tì mí títí ọkọ̀ fi kún.

Omi ni wọ́n ń gbé wọlé nígbà tí mo dé. Èmi ni mo fọ ojú màmá mi, tí mo fọ ẹsẹ̀ wọn, tí mo gé èékánná wọn.

Ní Sọ́ńdè tí mo padà dé, Gertrude ti wà lórí bẹ́ǹṣì wa. Orin ti bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó tì í, ó sì bi mí jẹ́jẹ́, "Ṣé o bá wọn?"

"Mo bá wọn. Èmi ni mo wẹ̀ wọ́n."

"Ó dáa," ó ní. Ó mú ìwé orin rẹ̀, ó ṣí i, wáyà yẹn ṣì wà láàárín rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó sunkún, láàárín gbogbo ìjọ, bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ ẹni tó ń sunkún fún.